Ará Kúbà Tó Ti Abẹ́òkúta Wá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn: bàbá àgbà mi kì í ṣe ará Kúbà. Wọn ò fi ẹsẹ̀ tẹ Kúbà rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí pé lọ́jọ́ tí a sin wọ́n ní Torino, àwọn ìyá arúgbó kan tí wọ́n wọ rélùwéè wá láti Asti bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún, ọ̀kan nínú wọn sì ní Havana ti pàdánù ọmọ gidi. Mo ní ẹ ṣeun. Kí ni kí n tún sọ? Ọjọ́ ìsìnkú kọ́ ló yẹ kéèyàn máa kọ́ arúgbó ní jọ́gíráfì.

Orúkọ wọn ni Káṣìmáawòó, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta. Ní ilé wa ní Padova, Bàbá Torino là ń pè wọ́n, torí pé Torino ni wọ́n ń gbé, a sì ní bàbá àgbà mìíràn n'Íbàdàn tí a ò fẹ́ kó dàrú mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lára ògiri àti lára kásẹ́ẹ̀tì, Don Ramiro ni. Láàárín àwọn ọdún 1990, bí o bá wọ ilé ijó salsa èyíkéyìí láti Torino dé Vicenza, tí o ní o ò mọ Don Ramiro, wọn á ní o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo ní kásẹ́ẹ̀tì kan níbí tí wọ́n ya fọ́tò Bàbá sí, fìlà fífẹ̀ lórí, igi ọ̀pẹ lẹ́yìn. Inú ìkòkò ni igi ọ̀pẹ yẹn wà, níwájú ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá Asti. Bàbá ní òtútù tó mú ọ̀pẹ náà lọ́jọ́ yẹn ju èyí tó mú àwọn lọ.

Ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbí dé ikú kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti tẹ ìyẹn sínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì fọ Bàbá mọ́ níbẹ̀ débi pé èmi gan-an ò dá wọn mọ̀ mọ́. Bàbá tí mo mọ̀ máa ń jà. Wọ́n máa ń ṣakọ. Wọ́n fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ, wọ́n sì fẹ́ràn oúnjẹ gan-an.

Nígbà yẹn, gààrí ò pọ̀ ní Padova bíi ti ìsinsìnyí. Semolino la máa ń rò jẹ òkèlè. Bàbá ló bá polenta, ìyẹfun àgbàdo tí àwọn ará Veneto ń jẹ, dọ́rẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti dé láti Torino, wọ́n á bọ́ kóòtù, wọ́n á rò ó títí yóò fi le dáadáa, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ilá tí Mọ́mì sè gbé e mì. Ìyá arúgbó kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa, Signora Pia, tó gbọ́ òórùn, tó gòkè wá wo ohun tí a ń ṣe. Ó kígbe pé a ti ba polenta jẹ́. Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n ki í bọ ilá, wọ́n nà án sí i. Signora Pia jẹ ẹ́, ó jókòó. Nígbà tó lọ tán, Bàbá nu ọwọ́, wọ́n wo ojú wa, wọ́n ní: "Àwọn èèyàn yìí ti mọ òkèlè tipẹ́. Ọbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn."

Ohùn wọn ni wọ́n ń tọ́jú bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Wọn kì í mu omi tútù. Nínú oòrùn August, tí gbogbo Padova ń lá gelato, Bàbá á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí omi atalẹ̀ gbígbóná. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa kọrin, wọn kì í la ẹnu títí di ọ̀sán; ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Mọ́mì á bèèrè bóyá ìrẹsì ni wọ́n fẹ́ jẹ tàbí iṣu, Bàbá á fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan tí kò jọ ìrẹsì tí kò jọ iṣu, Mọ́mì á bínú, á lọ din ẹyin. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ìdí tí wọ́n fi ń da gbogbo ilé láàmú báyìí. Wọ́n dúró títí aago méjìlá fi kọjá kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní, "Ohùn ò ní spare parts."

Ẹ má bi mí ibi tí wọ́n ti kọ́ èdè Spanish. Wọn ò kọ́ ọ. Nígbà ọ̀dọ́ wọn n'Íbàdàn àti l'Ékòó, rẹ́kọ́ọ̀dù Kúbà ló wà lóde, àwọn ẹgbẹ́ eléré ibẹ̀ sì ń kọ ọ́ bó ṣe wà. Bàbá á ki etí bọ ẹnu giramafóònù títí wọ́n á fi kó gbogbo orin náà sórí, ọ̀rọ̀ àti èémí, láì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n wá sí Torino wá kàwé. Ìwé náà ò yọrí sí rere, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ mọ́tò, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí irun wọn fi ń funfun. Inú balùwẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kọrin. Àfi ìgbà tí àwọn ọdún 1990 wọlé, tí àwọn ará Italy dédé bẹ̀rẹ̀ sí í jó salsa bí ẹni pé ìjọba ló pa á láṣẹ. Gbogbo palestra tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá di ilé ẹ̀kọ́ ijó.

Ilé oúnjẹ kan wà lẹ́bàá odò Po tó ní ará Kúbà gidi tó ń kọrin fún wọn. Ọkùnrin náà bá obìnrin kan lọ sí Spain lọ́jọ́ Friday, wọ́n sì nílò akọrin lọ́jọ́ Saturday. Ẹnì kan tí òun àti Bàbá jọ ń ṣiṣẹ́ ló dárúkọ wọn. Bàbá kọrin, àwọn èèyàn dìde lórí oúnjẹ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Signor Renzo, ẹni tó máa ń wá iṣẹ́ fún àwọn olórin. Ó sún mọ́ Bàbá nígbà tí wọ́n ń mu omi, ó ní ṣé Havana ni wọ́n ti wá. Bàbá máa ń sọ èyí tó kù fún wa tẹ̀ríntẹ̀rín: "Kí n tó gbé omi ẹnu mi mì, ó ti sọ mí lórúkọ."

Láti ọjọ́ náà, Don Ramiro dé nìyẹn. Wọn ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì búra fún ọ lórí ìyẹn. Bí oníròyìn bá bi wọ́n nípa Kúbà, wọ́n á wo òkè, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ilé jìnnà. Òótọ́ sì ni, ilé jìnnà.

Nígbà tí orúkọ wọn ti ń ròkè ni àwọn tó ń ṣe fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ẹ má rò pé ipa ńlá ni o. Ipa ẹni tí ọlọ́pàá ń mú ni. Nínú fíìmù, Bàbá ti ta láítà lẹ́bàá títì, wọ́n ti jí àpò, wọ́n ti sá gba inú ọjà kọjá tí ọlọ́pàá ń lé wọn. Wọ́n á pè wá láti Torino: "Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n o, wọ́n ti fẹ́ mú mi!" Gbogbo wa á sáré kóra jọ. Bàbá á yọ, wọ́n á sá, wọ́n á mú wọn, ó tán. Mọ́mì ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn nígbà yẹn, ojú sì máa ń tì wọ́n bí àwọn arúgbó náà bá ní àwọn rí bàbá wọn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

Kò sí fíìmù tí Bàbá ò ti lọ aṣọ olè náà fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ kóòtù funfun tí wọ́n fi ń kọrin, èyí tí ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì olè. Obìnrin tó ń bójú tó aṣọ á bẹ̀ wọ́n pé olè ló yẹ kí wọ́n jọ. Bàbá ní, "Olè yìí náà ní ẹni tó tọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kan Mọ́mì ò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, please, ṣé wọn ò lè fún yín ní dókítà ni? Lọ́yà ńkọ́? Abi kí ló dé?" Bàbá ní àwọn ti bèèrè. Wọ́n sọ fún àwọn pé ilé ìwòsàn wà nínú eré náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí dókítà, òkú ló kù. Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín, Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá sọ fún wọn. "Mo ní mo lè jalè fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè kú fún wọn."

Ìjà Bàbá àti Mọ́mì lórí orin pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú capannone kan ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Padova, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù pamọ́ tẹ́lẹ̀. Mọ́mì wà lára àwọn aṣáájú obìnrin níbẹ̀. Bí Bàbá bá wá, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á fi ìka lu orúnkún. Mọ́mì ò fẹ́ràn ilé ọtí, wọn ò fẹ́ràn Don Ramiro, wọ́n sì ń sọ ọ́. Ọjọ́ Sunday kan lórí oúnjẹ, wọ́n ní, "Bàbá, ohùn tí Ọlọ́run fún yín, àwọn ọ̀mùtí lẹ̀ ń kọ ọ́ fún." Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa pariwo, ṣùgbọ́n ohùn wọn rẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn ọ̀mùtí ló pè mí. Ẹ̀yin, ẹ pè mí rí?"

Lóòótọ́ ni, kò sẹ́ni tó pè wọ́n rí.

Ìdí nìyí tí inú Mọ́mì fi dùn ju ti Bàbá lọ nígbà tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn yọjú. Wọ́n fẹ́ ya eré alápá púpọ̀ kan ní Torino, wọ́n sì nílò bàbá arúgbó kan, ará Kúbà, tó ní báà lẹ́bàá odò, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá fún ìmọ̀ràn. Á wà nínú gbogbo apá eré náà. Ọlọ́pàá kankan ò ní fọwọ́ kàn án. Bàbá ti lọ ṣe ìdánwò fún wọn, wọ́n fẹ́ràn wọn gan-an, ó ku kí wọ́n wá wo wọ́n lórí ìtàgé lọ́jọ́ Saturday kan ní Padova kí wọ́n tó buwọ́ lùwé. Signor Renzo kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn pẹ̀lú àwọn ará Nàìjíríà títí Saturday yẹn á fi kọjá. Àwa ni àwọn ará Nàìjíríà náà o. Bàbá gbà. Mi ò ní fi ìyẹn bò: wọ́n gbà.

Mọ́mì kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jọ, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbààwẹ̀, pé iṣẹ́ kan ń bọ̀ fún bàbá àwọn. Wọn ò dárúkọ Kúbà. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ awọ ní Vicenza fi ebi dúró nídìí ẹ̀rọ, àwọn tó ń nu ilé ìtura ní Padova fi ebi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ń bẹ Ọlọ́run kí Don Ramiro lè rí báà tirẹ̀ gbà. Mi ò rò pé irú ẹ̀ tún máa ṣẹlẹ̀ láyé yìí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Abẹ́òkúta dé.

Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin, Ìyá sì wá bá wa wẹ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni wọ́n. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì kú nígbà tí Bàbá ò tíì lè rìn dáadáa, Ìyá Abẹ́òkúta, tí àwọn náà ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ló sì pọ̀n wọ́n dàgbà. Láti ìgbà tí Bàbá ti fi ilé sílẹ̀, wọn ò tíì fojú kan ara wọn. Ìyá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, Bàbá ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, Bàbá ò wá. Aṣọ olówó iyebíye ni wọ́n fi rán ẹnì kan. Ìyá fọwọ́ pa aṣọ náà lára. "Aṣọ yìí dára," wọ́n ní. "Ẹni tó rà á dà?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn," Mọ́mì ní. "Lẹ́yìn Saturday, wọ́n ń bọ̀."

"Iṣẹ́ wo ni kì í jẹ́ kí àbúrò wá kí ẹ̀gbọ́n?"

Bàbá ń pè lórí fóònù lójoojúmọ́, Mọ́mì á sì gbé fóònù wá fún Ìyá, ṣùgbọ́n Ìyá ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ wọ bàálù. Mo ń gbọ́ ọ láti Abẹ́òkúta." Wọn ò pariwo, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń wẹ ọmọ, wọ́n ń fi ìpara ra á, wọ́n sì ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ Saturday náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Mọ́mì sùn, Ìyá sì ní kí èmi àti àwọn jáde lọ gba atẹ́gùn. Wọ́n pọn àbúrò mi, wọ́n fi kóòtù òtútù Dádì bo àwọn méjèèjì. Gbogbo obìnrin Italy tí a pàdé ló ń kígbe pé ọmọ á já bọ́. A dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ní Arcella, ni Ìyá bá dúró gbagidi síwájú ògiri.

"Ta ló lẹ fọ́tò Káṣì síbí?"

Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àṣírí ni. "È il nonno!" mo ní, inú mi ń dùn. "Canta oggi!" Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Ìyá ò gbọ́ èdè Italy. "Bàbá Torino ni, Ìyá. Wọ́n fẹ́ kọrin lónìí."

"Níbo?"

"Ní palazzetto. Níbi tí wọ́n ti ń gbá basketball."

"Bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ ibẹ̀?"

Bí a ò ṣe padà sílé mọ́ nìyẹn. Títí di òní, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Palazzetto kún. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ijó ti kó bọ́ọ̀sì wá láti Vicenza, láti Verona, gbogbo wọn ń yí ara wọn po nínú ìmọ́lẹ̀ pupa. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo gèlè Ìyá, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn, ó gbà pé ara eré ni wọ́n, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lórí ìtàgé, Bàbá wà nínú kóòtù funfun, ohùn wọn ń gòkè. Ní ìlà iwájú, mo rí Signor Renzo pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó wọ awò ojú, tí wọ́n ń mi orí. Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Ìyá ò wá ìjókòó. Wọ́n gba àárín àwọn tó ń jó lọ tààrà. Àwọn èèyàn ń yà fún wọn, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n dé ẹsẹ̀ ìtàgé, wọ́n dúró, wọ́n gbé ojú sókè.

Bàbá rí wọn. Ohùn já lẹ́nu wọn. Àwọn onílù àti oníkàkàkí ń bá tiwọn lọ, wọ́n rò pé Don Ramiro ń mí ni. Signor Renzo ti dìde, ó ń fi ọwọ́ ṣe rárá, rárá. Bàbá wo Signor Renzo, wọ́n wo àwọn ará tẹlifíṣọ̀n, mo sì rí i lójú wọn pé wọ́n mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n lè ju ọwọ́ sí Ìyá. Wọ́n lè fi ẹnu ko ọwọ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ sí wọn, bí àwọn olórin ti ń ṣe, kí ẹnì kan fi Ìyá jókòó, kí ọ̀rọ̀ di ẹ̀yìn eré.

Wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n gbé máìkì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n sì na gbogbo ara wọn sórí pákó, àyà kanlẹ̀, iwájú orí kanlẹ̀, nínú kóòtù funfun náà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orin ń dákẹ́, kàkàkí ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nílẹ̀, Ìyá sì jẹ́ kí àbúrò wọn dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀ṣẹ̀ náà díẹ̀. Máìkì wà lẹ́bàá ẹnu Bàbá, kò sì kú, nítorí náà gbogbo palazzetto ló gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Àkànní," Ìyá pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dárí jì mí."

"Ṣé ara rẹ le?"

"Ara mi le, Ẹ̀gbọ́n mi."

"O ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun."

"Dìde ńlẹ̀, ilẹ̀ yẹn tutù. Parí iṣẹ́ rẹ ká lọ jẹun."

Bàbá dìde. Eruku ti fi ilà sí iwájú kóòtù wọn. Wọ́n mú máìkì, wọ́n sì sọ fún gbogbo èèyàn ní èdè Italy pé ẹ̀gbọ́n àwọn nìyí, òun ló tọ́ àwọn dàgbà, Káṣìmáawòó lorúkọ tí àwọn ń jẹ́, Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà ni àwọn ti wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn kan rò pé ara eré náà ni. Obìnrin tẹlifíṣọ̀n yẹn bọ́ awò, ó ń nu ojú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti dára.

Lọ́jọ́ Monday àwọn ará tẹlifíṣọ̀n pe Signor Renzo pé ohun tí àwọn rí wú àwọn lórí gan-an, ṣùgbọ́n ará Kúbà ni àwọn ń wá. Signor Renzo ò bú Bàbá. Ó kàn bi wọ́n pé ṣé wọn ò lè ní sùúrù díẹ̀ sí i ni. Bàbá dá a lóhùn pé, "Sùúrù ni mo ti ń ní láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Mọ́mì sunkún nínú ilé ìdáná. Ààwẹ̀ tí gbogbo èèyàn gbà ńkọ́? Kí ni kí àwọn sọ fún àwọn obìnrin Vicenza? Bàbá ní kí Mọ́mì nu ojú, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìyá gbọ́. Ìyá ò mọ nǹkan kan nípa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n bi Bàbá pé iṣẹ́ wo ló fà á tí kò fi lè wá sí ìsọmọlórúkọ, Bàbá ní iṣẹ́ kan ni, ó ti lọ, wọ́n ní ohùn àwọn ti dàgbà jù fún un. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn, wọ́n sì pa á dáadáa. Ìyá ní kí wọ́n máa mu atalẹ̀. Ìyá wà pẹ̀lú wa títí àbúrò mi fi lè gbé ọrùn dúró, Bàbá sì ń ti Torino wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Ìyá, wọ́n á máa bá wọn tú owú tí Ìyá fi ń hun aṣọ ọmọ. Nígbà tí Ìyá kú ní Abẹ́òkúta ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bàbá lọ sin wọ́n. Ìyá ò mọ̀ nípa iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà títí wọ́n fi lọ.

Mi ò ní sọ pé òtítọ́ mú kí orúkọ Bàbá túbọ̀ ròkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé ijó kan ò pè wọ́n mọ́. Àwọn kan ò gbọ́ rárá, àwọn kan gbọ́ wọn ò gbà, Don Ramiro wọn ni wọ́n fẹ́. Àwọn gbọ̀ngàn ńlá tán. Wọ́n wá ń kọrin níbi àjọ̀dún ìkórè èso àjàrà ní ẹ̀gbẹ́ Asti, ní àwọn ojúde kékeré ní Padova, lórúkọ ara wọn, níwájú àwọn tó ń jẹ sọ́séèjì. Ó ká wọn lára. Ọjọ́ tí èèyàn ò bá pọ̀, wọ́n á máa jà lórí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pé.

Nígbà òtútù ọdún tó tẹ̀ lé Saturday yẹn, eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá wà lọ́dọ̀ wa. Mọ́mì fẹ́ yí i padà sí ibòmíì, Bàbá ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n fún ní ipa bàbá arúgbó náà yọ, ó ń nu ife nínú báà rẹ̀. Ará Brazil ni. Mọ́mì pòṣé, wọ́n lọ sí ilé ìdáná. Ó ku èmi àti Bàbá. Wọ́n tẹ ara síwájú, wọ́n ń wò ó bí mẹkáníìkì ṣe ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. "Ó mọ̀ ọ́n ṣe," wọ́n ní. "Ó ń yára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé kò dùn yín ni?"

"Ó dùn mí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí." Wọn ò mójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nílé ayé tí mo lè dọ̀bálẹ̀ fún, ó sì wá dúró síwájú mi. Kí n máa kọrin lọ?"

Ará Brazil náà ń gba ọmọbìnrin kan nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bàbá na ọwọ́ sí mi.

"Bá mi gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀," wọ́n ní. "Ibi tó dùn nìyí."